Fóònù Tó Ń Gbọ́ Ohùn Ẹyẹ

Mo ti jowú èèyàn rí láyé mi. Mo jowú ẹ̀gbọ́n mi torí oko kọfí tí bàbá wa fún un. Mo jowú ọkùnrin tó kọ́kọ́ ń yọjú sí Tumirah ìyàwó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ni mo padà gbé e níyàwó. Ṣùgbọ́n kí n jókòó kí n máa jowú fóònù, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí, àfi ìgbà tí Mardikun gbé tiẹ̀ dé.

Èmi àti Mardikun la jọ dàgbà ní Kalipucung, abúlé wa tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Kang, bí a ti ń pe ẹni tó juni lọ. Ewúrẹ́ ló ń sìn. Etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn láti kékeré. Ẹyẹ kutilang àti ẹyẹ trucukan, tí ọmọ ọdún márùn-ún ń dá mọ̀ lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, Mardikun ò lè sọ èyí tó ń ké nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Èmi Ngatijan ńkọ́? Apẹyẹ ni mí. Ogún ọdún ni mo fi dẹ àtè sórí ẹ̀ka igi lórí òkè yẹn. Mi ò nílò ẹyẹ ìdẹ bíi tàwọn yòókù. Mo máa fọn súfèé bí abo, akọ á sì fò wá fúnra rẹ̀, á bà lé àtè. Nígbà tó di ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, abúlé fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹyẹ òkè wa mọ́, torí àwọn àlejò ti ń wá láti ìlú ńlá, tàwọn ti awò awọ̀nàjíjìn wọn, kìkì kí wọ́n lè rí ẹyẹ. Àwa apẹyẹ la wá di amọ̀nà. Èmi ni àkọ́kọ́. Bu Lurah, obìnrin tó ń ṣe olórí abúlé wa, dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Etí Ngatijan, ọrọ̀ abúlé yìí ni." Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn dé orí bíi fìlà tuntun. N ò ṣí i fún ọdún méje.

Ẹ ò rí bó ṣe máa ń rí láyé ìgbà yẹn. A ó máa rìn lọ, màá dédé gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn á dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Màá dárúkọ ẹyẹ, màá nawọ́ sí ewé tó wà, ẹyẹ náà á sì yọjú. Wọ́n á wo ẹyẹ, wọ́n á tún wo èmi. Torí wíwò kejì yẹn gan-an ni mo ṣe ń jí láràárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí Wening, ọmọ Mardikun tó ń kàwé nílùú, fi wálé lọ́jọ́ ọdún, tó sì fi áàpù kan sínú fóònù bàbá rẹ̀. Èèyàn á na fóònù sókè, ẹyẹ á ké, orúkọ ẹyẹ náà á sì yọ síta pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, lédè òyìnbó àti lédè àwọn ọ̀mọ̀wé. Èmi, orúkọ tí ìyá mi fi ń pe ẹyẹ nìkan ni mo mọ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Mardikun, Mardikun tí ò mọ ohùn àkùkọ yàtọ̀ sí ti ẹyẹlé, fi di amọ̀nà. Àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á pagbo yí i ká, wọ́n á tẹ orí ba fóònù. Ọwọ́ tèmi á wà lókè tó ń tọ́ka sí ẹyẹ, kò ní sẹ́ni tó máa wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti dárúkọ ẹyẹ kan ni ọmọbìnrin kan láàárín wọn fọwọ́ kàn mí lápá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí fóònù lè gbọ́."

Èmi! Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí fóònù lè gbọ́! Ọjọ́ yẹn, n ò lè jẹ tempe, ẹ̀wà sóyà tí Tumirah dín. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fa sìgá oníkànáfùrù, mo ń fìbínú wo òkè.

"Kí ló dé tó o dijú mágbárí báyẹn?" Tumirah bi mí.

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan, o ti fa sìgá mẹ́rin. Àbí fóònù Mardikun náà ni? Ọkọ mi, ṣé fóònù ló di orogún rẹ báyìí?"

"Tumirah, má bú mi."

"N ò bú ẹ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n máa pè é ní ìyáálé ni." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àṣìṣe fóònù náà. Bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣọ́ olè ni mo ń ṣọ́ ọ. Ó gbọ́ bíréèkì alùpùpù, ó ní ẹyẹ ni. Ó gbọ́ ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní ẹyẹ ni. Tá a bá dé ẹ̀gbẹ́ odò, ariwo omi á bò ó mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹyẹ tó bá jìnnà, tí èmi ń gbọ́ kedere lódìkejì àfonífojì, fóònù ò ní mọ̀ pé ó wà láyé. Nígbà kan, ó dárúkọ ẹyẹ tí kò sí ní gbogbo erékùṣù wa, inú mi dùn débi pé mo ra singkong, ẹ̀gẹ́ díndín, fún gbogbo ará ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́. Nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ló ń gbà. Lọ́jọ́ kan nínú igbó ọparun, mo ní prenjak ló ń ké, fóònù ní rárá, ó dárúkọ ẹyẹ mìíràn. Ẹyẹ náà jáde síta. Fóònù ló jàre. Ojú gbogbo wọn wá sára mi.

Mardikun yára sọ̀rọ̀. "Ó lè jẹ́ méjì ni wọ́n, Kang. Bóyá prenjak tẹ́yin gbọ́ ló fò lọ."

Ó mọ̀ pé kì í ṣe méjì. Ńṣe ló ń bo àṣírí mi. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn. Àánú rẹ̀ yẹn ló ta mí bí agbọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ń bá a rẹ́rìn-ín, mo ń bá a mu tíì, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú mi tí mo ń tu itọ́ funfun.

Nígbà tó yá, Bu Lurah pe àwa méjèèjì. Ó ní olùkọ́ kan ń bọ̀ láti yunifásítì, Bu Widuri lorúkọ rẹ̀; Bu la fi ń pe obìnrin tá a bá ń bọ̀wọ̀ fún. Ó fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó wà lórí òkè wa sínú ìwé kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló máa fi bá wa rìn, lẹ́yìn náà ló máa mú ẹnì kan tí yóò bá a ṣiṣẹ́ fún odindi ọdún kan. Orúkọ onítọ̀hún á wà níwájú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ ẹ débi pé oorun dá lójú mi. Iye ẹyẹ tí mo ti mú lórí òkè yẹn, Ọlọ́run nìkan ló lè kà á. Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbi tí àwọn ọmọ mi lè fọwọ́ tọ́ka sí, kí wọ́n sọ pé bàbá wa ò kàn pa ẹyẹ, bàbá wa mọ ẹyẹ. Kí Mardikun tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló mọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ mi? Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní cendet kan nílé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé olè ni ẹyẹ náà. Ohùn tirẹ̀ ò ju ariwo kan tó ń ha etí lọ, ṣùgbọ́n bó o bá fi ohùn ẹyẹ mìíràn kọ́ ọ láti kékeré, tó ò ń lu ohùn yẹn sí i létí tọ̀sán-tòru, á jí i kọ pátápátá. Bá a ṣe ń kọ́ wọn fún ìdíje ohùn ẹyẹ nìyẹn. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń ṣe é. Ohùn ẹyẹ cililin ni mo fi kọ́ tèmi, láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan. Ohùn yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n bá da àgbàdo gbígbẹ sínú agolo tí wọ́n ń mì ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni cendet mi ti fi gba ipò kìn-ín-ní. Cililin fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí òkè wa ó ti pẹ́. Bàbá mi ló gbọ́ ọ kẹ́yìn, kí n tó gbéyàwó.

Ẹ ti mọ ohun tí mo rò. Màá gbé cendet pamọ́ sójú ọ̀nà, á ké bíi cililin, fóònù á kígbe pé cililin dé, Mardikun á máa fò sókè. Nígbà náà ni màá ṣí àgò níwájú olùkọ́. Gbogbo wọn á rí i pé ohun tí ọmọdé lè fi tan fóònù jẹ, kò lè tan Ngatijan.

Ohun kan ló wà níbẹ̀. Òfin abúlé gbà wá láàyè láti ní àgò nílé, ṣùgbọ́n àgò ò gbọdọ̀ kọjá afárá wọ inú igbó, torí àgò nínú igbó, apẹyẹ ló wà nídìí ẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi òfin yìí lélẹ̀. Mo tiẹ̀ tẹ ìka bọ ìwé. Mo sọ fún ara mi pé ti àárọ̀ ọjọ́ kan péré ò lè di ẹjọ́.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ náà, mo gbé àgò kọjá afárá, mo so ó mọ́ igi kọfí kan lẹ́yìn àpáta ńlá, mo fi ewé bò ó. Mo padà wálé, mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù mi tó dáa jù. Tumirah wò mí.

"Ojú ẹ ń dán jù," ó ní. "Kí lo ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tó o dáhùn báyẹn gbẹ̀yìn, ewúrẹ́ Mardikun ló jẹ èso wa, ìwọ lo sì ṣílẹ̀kùn fún un kó o lè rí ẹjọ́ rò."

A jáde: Bu Widuri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, Bu Lurah, Mardikun àti èmi. Bu Widuri kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìwé dání, ó ń kọ. Mo dárúkọ ẹyẹ mẹ́rin kí fóònù tó dárúkọ méjì, ó sì wò mí nígbà kejì, ó mi orí. Ká ní mo ní làákàyè ni, ǹ bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bá a ti kọjá afárá, oòrùn kan ibi tí cendet mi wà. Ó ké. Agolo àgbàdo náà mì, ó tún mì.

Mardikun na fóònù sókè. Ó wo ojú rẹ̀, ó tún un wò. "Cililin," ó ní. "Bu, ó ní cililin ni!"

Ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bu Widuri. "Lórí òkè yìí? Ẹ dákún, ẹ má mira." Omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Mardikun gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná, Bu. Fóònù kì í ṣe Ọlọ́run. Ó máa ń ṣì í gbọ́. Ẹ bi Kang Ngatijan. Tí Kang bá ní òun ni, òun ni. Tí Kang bá ní kì í ṣe òun, ẹ pa á rẹ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ohun tí mo ti ń wá fún ọdún kan gbáko nìyẹn, òun ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, Mardikun ló sì gbé e. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò: "Cendet ni, ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ." Ǹ bá sọ ọ́, ǹ bá sì mú iṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n owú ò jẹ́ kí n rí i pé mo ti jàre. Mo fẹ́ kí ojú ti ọkùnrin yẹn. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo lọ sẹ́yìn àpáta, mo fa ewé ya, mo sì gbé àgò jáde sójú ọ̀nà.

"Ẹ wá wo cililin yín o! Ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀! Mardikun, bi fóònù rẹ bóyá cililin ń gbé inú àgò!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mardikun ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ewúrẹ́ ara rẹ̀ kàn. Inú mi dùn. Ó dùn fún bí ìgbà tí èèyàn máa fi gbé itọ́ mì.

"Ngatijan," Bu Lurah pè mí. "Kí ni àgò ń wá lápá ibí afárá?"

"Bu, ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ fi kọ́..."

"Ta lo fẹ́ kọ́? Ìka rẹ kọ́ ló wà nínú ìwé òfin ni?"

Bu Widuri ti fa ìlà gba orí ohun tó kọ. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́. "Bàbá," ó ní, "òótọ́ lẹ fi hàn wá, fóònù ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ mẹ́rin tẹ́ ẹ dárúkọ fún mi láàárọ̀ yìí, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wà lórí igi àti èyí tẹ́ ẹ gbé kọ́?" Ó fa ìlà gba orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí Mardikun pa fóònù ná.

Bó ti ń pa á ni mo gbọ́ ọ.

Ó ti òdìkejì àfonífojì wá, ó jìnnà, ohùn náà ń mì jìgìjìgì. Lẹ́yìn rẹ̀, súfèé kékeré kan tẹ̀ lé e, tó lọ sókè. Súfèé yẹn ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, cendet mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ló máa ń sín in jẹ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Cililin!" mo kígbe. "Ẹ gbọ́! Cililin gidi ni, lọ́hùn-ún!"

Kò sẹ́ni tó wo ibi tí mo nawọ́ sí.

"Àgò mélòó lo gbé kọ́, Ngatijan?" Bu Lurah bi mí.

"Mo fi Ọlọ́run búra! Mardikun, ṣí fóònù rẹ. Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, ṣí i kó gbọ́!"

Èmi ni mo ń bẹ fóònù. Mardikun ṣí i, ó nà án sókè. Ẹyẹ òdìkejì tún ké. Ṣùgbọ́n cendet ọwọ́ mi ti gbọ́ ẹni tó fẹ́ bá a díje, ó wú ìyẹ́, ó gbé ohùn tó fi gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀mẹta sókè. Fóònù kọ ọ́ pé cililin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù mi tó dáa, mo fi bo àgò, mo fún un mọ́ àyà. Ó ń ké lọ nínú ẹ̀wù. Nígbà tó fi máa dákẹ́, òdìkejì náà ti dákẹ́.

Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ kọjá afárá fún ọdún kan. Mardikun ni Bu Widuri mú.

Lọ́jọ́ kejì, Mardikun wá sílé wa. Tumirah gbé tíì fún un.

"Kang, ṣé ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Mo gbà yín gbọ́. Mo sọ fún Bu Widuri pé kó mú yín. Ó ní fóònù máa ń ṣì í gbọ́, àmọ́ kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ó fọwọ́ ra orí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró sí afárá láràárọ̀. Fóònù ò lè gbọ́ ohun tó jìnnà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kàn sọ ibi tó wà fún mi. Lọ́jọ́ kejì, màá lọ jókòó sábẹ́ ibẹ̀ títí fóònù á fi gbọ́ ọ. Nígbà náà, gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹ ò purọ́."

Mo gbà. Oṣù méjì ni mo fi dúró sí afárá láràárọ̀. Mardikun á kí mi, á kọjá lọ, màá máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń wọ inú igbó tí mo mọ̀ bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀. Mo ń rò ó: tí mo bá gbọ́ ọ, tí mo sì sọ, wọ́n á mọ̀ pé n ò purọ́. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ ló máa wà níwájú ìwé, cililin tí bàbá mi gbọ́ kẹ́yìn á di ti Mardikun tó ń sin ewúrẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn òjò, ó ké. Ó sún mọ́ tòsí ju ti àkọ́kọ́ lọ, lókè àwọn igi ńlá tó wà lápá òsì. Súfèé kékeré náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà. Mo di igi afárá mú.

Mardikun padà dé ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó fa ìwé yọ, ó mú bírò lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan, Kang?"

Mo wo ojú rẹ̀.

"N ò gbọ́ nǹkan kan," mo ní.

Ó mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.